Àbúrò tó fẹ́ kúrò ní tíátà, ka bọ́ǹdì rẹ kó o tó gbé ẹsẹ̀

Àbúrò mi, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní oṣù keje rẹ rèé ní tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọrin níbí, àwọn ló rán ọ lọ kọ́ṣẹ́, o sì tọwọ́ bọ bọ́ǹdì ọdún mẹ́ta, àdéhùn pé wàá ṣiṣẹ́ fún wọn títí ọdún náà á fi pé. Ọkàn rẹ ti kúrò níbẹ̀ báyìí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lo fẹ́. O wá ń béèrè bóyá o lè yí padà láìda àdéhùn náà.

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà ló wà. Bọ́ǹdì kan wà tó so ọ́ mọ́ ilé ìwòsàn lásán, ibi yòówù kí wọ́n fi ọ́ sí nínú ọgbà wọn, ọjọ́ rẹ ń lọ. Òmíràn wà tó dárúkọ ẹ̀ka gan-an. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, lẹ́tà ló kù: kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì HR tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìkejì, kí wọ́n fọwọ́ sí àyípadà náà lórí ìwé kó o tó kúrò. Má gba "kò burú, máa lọ" lẹ́nu mátírọ̀n kankan. Èmi gbà á.

Ẹ̀ka dáyálísísì ni wọ́n fi èmi sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n rán mi lọ kọ́ ọ ní ìlú mìíràn fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sanwó ẹ̀kọ́, wọ́n sanwó ilé. Bọ́ǹdì oṣù 36, àti ₦900,000 tí mo máa san bí mo bá kúrò kó tó pé. Onígbọ̀wọ́ méjì. Bàbá mi ní Òmù-Àrán ni ọ̀kan.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni aláìsàn fi ń wà lórí ẹ̀rọ, ó sì yẹ kó wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹlòmíràn ń wá lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dáwó jọ. Ìyá kan wà tó ń ta wàrà, ó máa ń mú díẹ̀ wá fún wa nínú ike, omi rẹ̀ á ṣì máa kán. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wá, fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, àga rẹ̀ ṣófo. A pe ọmọ rẹ̀, ó ní àwọn ń wá owó. Nígbà tí wọ́n fi gbé ìyá náà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Látọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn láràárọ̀, àyà mi á já.

Mo bá mátírọ̀n sọ̀rọ̀. Mo ti ní ìwé agbẹ̀bí kún ti nọ́ọ̀sì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní kò sí wàhálà, kí n bẹ̀rẹ̀, àwọn á bá HR sọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbẹ̀bí, ara mi sì yá. Mátírọ̀n wá fẹ̀yìntì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí HR fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní mo ti fi ẹ̀ka mi sílẹ̀, mo ti da bọ́ǹdì, kí n padà sí dáyálísísì lọ́la, àti pé oṣù mẹ́rin yẹn kò ní í wọ inú kíkà. Mo ní mátírọ̀n ló fún mi láṣẹ. Ó ní, "Ìwé dà?"

Ìwé ò sí. Inú bí mi, mo kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Má ṣe irú rẹ̀ láé, bó ti wù kí wọ́n mú ọ bínú tó. Ojúlówó séètífíkéètì mi wà lọ́wọ́ wọn látọjọ́ tí mo wọlé, wọ́n ní àwọn ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni. (Bó o bá ti kó tìrẹ fún wọn, lọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín. Fọ́tókọ́pì ni kí wọ́n tọ́jú.) Ó wà nínú fáìlì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí erùpẹ̀, lórí pẹpẹ lẹ́yìn àga ọkùnrin HR náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo ń rí etí rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi lọ, mo ń bọ̀. Lónìí ọ̀gá ò sí, lọ́la ọ̀gá wà ní ìpàdé, lọ́tùn-únla kí n lọ kọ lẹ́tà mìíràn. Ibi tí mo bá wáṣẹ́ dé, wọ́n á ní kí n mú ojúlówó wá. Ẹni tó mọ̀ pé ìwé tí òun dì mú yẹn ni oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ, tó sì ń mu tíì lójú mi, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè pè é.

Wọ́n tún kọ̀wé sí bàbá mi. Ará àdúgbò kan ló pè mí pé Bàbá ń gbé ìwé kan kiri, wọ́n ń bi àwọn ọmọ iléèwé pé kí ló wí. Mo wọkọ̀ ní Gáráàjì Ọ̀fà, mo gba Ajàṣẹ́-Ìpo délé. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n sá kajú sí. Wọ́n yọ lẹ́tà náà lábẹ́ fìlà, wọ́n ti ká a, tú u, títí ojú ìká rẹ̀ fi fẹ́ já. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò ní í wá mú mi báyìí?" Ẹni ọdún 71. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí bọ́ǹdì yẹn, ohun tí èmi fẹnu ara mi sọ fún wọn ni pé ìwé pé wọ́n mọ̀ mí ni. Wọ́n ta kajú náà láìdúró kówó rẹ̀ gbéra, wọ́n kó owó náà sí náílọ́nù, wọ́n ní kí n lọ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Ó ní ilé ẹjọ́ kì í fi tipátipá dá òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, owó ni agbanisíṣẹ́ lè béèrè, òun á sì jà á pé iye oṣù tó kù ni kí wọ́n gba owó lé lórí. Pín ₦900,000 sí ọ̀nà 36, ₦25,000 ni oṣù kan. Mo ti sin oṣù 16, mẹ́rin tí mo fi gbẹ̀bí wà nínú rẹ̀. Ogún oṣù ló kù, ₦500,000 nìyẹn. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ojú ewé kan àbọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tí mo ti bẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá pè mí pé kí n wá. Ìgbà márùn-ún ni mo fi san ₦500,000 náà tán, wọ́n sì fún mi ní fáìlì mi. Nítorí náà, wo bọ́ǹdì rẹ bóyá ó sọ pé owó náà ń dínkù bí oṣù ṣe ń lọ.

Bó o bá sì ní in lọ́kàn láti lọ sókè òkun, má sá kúrò níbẹ̀ o. Ìwé tí Nursing and Midwifery Council, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwa nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì tìtorí rẹ̀ fẹ̀hónú hàn, sọ pé ó kéré tán kó o ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó o gba láísẹ́ǹsì gidi (permanent, kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀) kí àwọn tó jẹ́rìí rẹ fún ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ òkèèrè. Ó tún sọ pé àwọn fúnra wọn ni yóò kọ̀wé béèrè ìwà rẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ. Wo ẹni tí wọ́n á béèrè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti wọ́ọ̀dù ọmọdé tó o béèrè, wá nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ tó ń fẹ́ tíátà, kí ẹ jọ kọ lẹ́tà. Ọ̀gá á tètè gbà bí àyè rẹ kò bá ní í ṣófo. Gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tìrẹ. Má sì rò pé ṣíṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn lásán tó láti sọ ọ́ di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìtọ́jú ọmọdé lójú Council, ẹ̀kọ́ post-basic (ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ti nọ́ọ̀sì) ló ń ṣe ìyẹn. Bí wọ́n bá wá sọ pé àwọn á rán ọ lọ fún un, bọ́ǹdì kejì ń bọ̀ nìyẹn. Béèrè kó o tó dáhùn, bóyá méjèèjì á jọ máa kà pọ̀ ni àbí ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn wo ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ? O ò dárúkọ ìyẹn. Pè wọ́n lọ́la, kó o ka ìwé náà sí wọn létí ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá ti dárúkọ ẹ̀ka, kọ gbólóhùn náà síbí bó ṣe wà gan-an. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo máa kà á.