Ẹ Bi Wá: Fọ́tò Tí Ẹ Ń Yà Lójú Ọ̀nà Oko

Fọ́tò ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sẹ́yìn ìlú. Kẹ̀kẹ́ tí à ń wí o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kì í ṣe Márúwá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gun òkè Ìdànrè. Lórí fóònù mi, fọ́tò náà mọ́ débi pé mò ń rí òrùlé páànù kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sórí gúrúùpù WhatsApp wa báyìí, òrùlé dà bíi tàdáwà tí omi dà lé. Ṣé fóònù mi ni kò dáa ni? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. WhatsApp ló gé fọ́tò náà kéré kó má baà jẹ dátà. Píkísẹ́lì ni ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, mílíọ̀nù kan rẹ̀ sì ni mẹ́gápíkísẹ́lì kan. Kámẹ́rà mẹ́gápíkísẹ́lì 12 máa ń ya fọ́tò tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 4000, tó sì ga ní 3000. Bí ẹ bá kàn fi ránṣẹ́ lásán, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù á bọ́ sí nǹkan bí 1600. Ìyẹn ni pé nínú píkísẹ́lì mẹ́fà tí ẹ yà, bí ẹyọ kan ló dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yín. Ojú ọ̀rẹ́ yín tó dúró nítòsí kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí ó gba àyè púpọ̀. Òrùlé ìsàlẹ̀ òkè ńkọ́? Bó bá jẹ́ píkísẹ́lì mẹ́wàá ló fẹ̀ látilẹ̀, á ku mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fọ́tò orí òkè ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó sì dunni fún ẹni tó gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kó tó rí i yà.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá ti mú fọ́tò nínú WhatsApp, kí ẹ tó tẹ ọfà ìfiránṣẹ́, ẹ wo òkè ojú fóònù, ẹ ó rí lẹ́tà HD. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn tó fún ẹni tó kàn fẹ́ kí ará gúrúùpù rí nǹkan gidi. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lọ síbi tí ẹ ti ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ mú Document dípò Gallery, kí ẹ wá fọ́tò náà síbẹ̀. Bó ṣe wà lórí fóònù yín ló ṣe máa dé, ẹyọ píkísẹ́lì kan ò ní dín. Àmọ́ fọ́tò kan lè tó MB mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ogójì lé gúrúùpù lórí lópin oṣù tí dátà ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àwọn kan rò pé forward ló ń ba fọ́tò jẹ́. Rárá, fáìlì kan náà ló ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn ya ojú fóònù, kó gé etí rẹ̀, kó tún gbé e sórí gúrúùpù mìíràn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni WhatsApp tún ń fún un bí ẹni ń fún aṣọ.

Ẹni tó ń lo iPhone, tó fi Document ránṣẹ́, lè gbọ́ pé fọ́tò òun ò ṣí lórí fóònù ẹlòmíì. HEIC ni fáìlì rẹ̀, àwọn fóònù kan ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, ẹ mú Most Compatible. Láti ìgbà náà lọ, JPEG ló máa yà, èyí tí gbogbo fóònù mọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi 300 (iye píkísẹ́lì tó ń wọ íǹṣì kan kí fọ́tò tó mọ́) pín iye píkísẹ́lì, ohun tó bá jáde ni íǹṣì. 4000 yóò fún yín ní íǹṣì 13. 1600 kò ju íǹṣì márùn-ún lọ. Ẹni tó bá gbé fọ́tò inú gúrúùpù lọ fún onífọ́tò pé kó bá òun fi ṣe fírémù ara ògiri, owó ló ń sọ nù.

Mo ra ohun tí wọ́n fi ń de fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo máa ń gba ọ̀nà àwọn abúlé ẹ̀yìn Mọ́níyà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kámẹ́rà mi ń gbọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dúró. Kí ló fà á? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹ tú fóònù yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, lẹ́ǹsì kò dúró gbọin. Ńṣe ló so rọ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké ń tì í sọ́tùn-ún sósì kí àwòrán má baà bàjẹ́ bí ọwọ́ bá gbọ̀n. OIS ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ èèyàn tó ń gbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún òkúta tó ń gbá táyà fún wákàtí méjì gbáko. Lọ́dún 2021, Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fáwọn tó ń de iPhone mọ́ ọwọ́ alùpùpù elẹ́ńjìnnì ńlá pé ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lè ba iṣẹ́ kámẹ́rà jẹ́. Kẹ̀kẹ́ ò ní ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tó kún fún kòtò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàánú lẹ́ǹsì, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ táyà le gbandi.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ gbé fóònù ti nǹkan lórí tábìlì, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí àwòrán bá ń jó fúnra rẹ̀, tí inú fóònù sì ń dún bí ẹ̀fọn, OIS ti lọ nìyẹn. Kò sí sẹ́tíńgì tó ń wò ó sàn. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ kámẹ́rà náà.

Báàgì àyà tàbí ti ìdí ni kí ẹ fi fóònù sí, kí ara yín bá a gba ìgbọ̀nrìrì náà. Ẹni tó ní kámẹ́rà ńlá, kó gbé okùn rẹ̀ kọ́ láti èjìká kan sí abẹ́ apá kejì, kí kámẹ́rà wà lẹ́yìn, kí okùn sì fún. Bó bá wà níwájú, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú ni yóò máa fì lu ọ̀pá kẹ̀kẹ́. Kẹ́ríà ẹ̀yìn ló burú jù, torí gbogbo kòtò tí táyà ẹ̀yìn bá bọ́ sí, kẹ́ríà ló ń gbà á.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà á: ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ láàárín itan, ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹ mí jáde, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnìkejì yín tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ ni ẹ fẹ́ yà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí lẹ́ǹsì má ga ju àárín táyà lọ. Ẹ tẹ ibi tó máa gbà kọjá lójú fóònù pẹ́ títí ojú kámẹ́rà yóò fi tì mọ́ ibẹ̀, kí ẹ máa dúró dè é. Nínú Pro, ìyẹn ibi tí ẹ ti lè fúnra yín yan bí kámẹ́rà ṣe máa yára tó, 1/500 sékọ́ńdì á mú un dúró gbagidi. Bí ẹ bá fẹ́ kó hàn pé eré ló ń sá, ẹ lo 1/60, kí ẹ máa yí ara tẹ̀ lé e láti ìbàdí: kẹ̀kẹ́ á mọ́, igbó ẹ̀yìn rẹ̀ á fà bí ìlà. Nínú mẹ́wàá, bí méjì bá dáa, ẹ gbìyànjú.

Ọyẹ́ ti dé. Gbogbo fọ́tò mi funfun, òkè ọ̀ọ́kán ò hàn mọ́. (Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ fi òkè ọ̀ọ́kán sílẹ̀ títí òjò yóò fi fọ ojú ọ̀run. Èruku ló dí yín lójú, kò sì sí kámẹ́rà tó ń wo àárín èruku kọjá. Lásìkò ọyẹ́, ohun tó wà láàárín ogún ìṣísẹ̀ ni kí ẹ máa yà: igi oṣè kan ṣoṣo, màlúù tó ń kọjá, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Èruku ẹ̀yìn wọn á wá dà bí aṣọ funfun tí onífọ́tò ta sẹ́yìn oníbàárà, gbogbo pàǹtí ìgbẹ́ á pa rẹ́. Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ ló dára jù. Bó bá ti di aago mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sinmi. Ohun tí wọ́n ń pè ní Dehaze nínú áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, tó ń dín funfun èruku kù, ẹ má jẹ́ kó kọjá 20. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀run á di pàtápàtá, etí igi á sì máa tàn bí ẹni pé iná wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀wù kọ́ ni wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì o. Yanrìn lẹ́búlẹ́bú wà nínú èruku ọyẹ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀wù ra á, ẹ ń fi yanrìn ha á ni. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má fi itọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú nù ún wẹ́rẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń fa ìrù nínú fọ́tò tí ẹ yà sí ọ̀nà oòrùn, ọ̀rá ọwọ́ ló wà lójú lẹ́ǹsì yẹn, kì í ṣe èruku.

Fọ́tò mélòó ló yẹ kí n gbé síta lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Márùn-ún. Méje, bí ìrìn náà bá gùn. Ọ̀kan tó fi gbogbo ibẹ̀ hàn, ọ̀kan tó ní èèyàn nínú, ọ̀kan tó sún mọ́ nǹkan kékeré bí èso tàbí àmì táyà nínú ẹrẹ̀. Ìyókù bó bá ṣe wù yín. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti oṣù tí ẹ yà á sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni, pé omi ń ya wìì lóṣù Kẹsàn-án, á mọ ìgbà tó yẹ kóun náà lọ.

Ní Kent, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Mo gun kẹ̀kẹ́ wọ ojú ọ̀nà inú oko kan láti ya fọ́tò òdòdó, àgbẹ̀ kan sì lé mi jáde. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé, Kent)

Ẹ wo àwọ̀ ọfà ara òpó. Ọfà yẹ́lò, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ọfà búlúù, bridleway nìyẹn, ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, òfin ọdún 1968 sì fún oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gbà á, kó sáà máa yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Lójú ọ̀nà méjèèjì, ẹ lè ya ohun tí ẹ bá rí. Kí ẹ wá kúrò lójú ọ̀nà wọnú òdòdó bluebell lọ, ìyẹn ò dáa: bí wọ́n bá tẹ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣu ìdí rẹ̀ kò ní rí oúnjẹ fi pa mọ́, ó sì máa ń tó ọdún mélòó kan kí ibẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Màmá kan ń sá kòkó lójú ọ̀nà, mo yà wọ́n, fọ́tò náà dára gan-an. Ṣé mo lè gbé e sórí Facebook? (Òǹkàwé, Oǹdó)

Ẹ̀yin lẹ ni fọ́tò náà lábẹ́ òfin, torí ẹ̀yin lẹ yà á. Àmọ́ àwọn ló ni ojú wọn. Kí ẹ tó yọ kámẹ́rà lápò ló ti yẹ kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ kí wọn pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," kí ẹ wá sọ ibi tí fọ́tò máa lọ: "Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i lórí fóònù." Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ya ọwọ́ wọn àti kòkó náà, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọdé, òbí rẹ̀ lẹ máa bi. Ojúbọ àti igbó òrìṣà, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ lẹ máa bi, kódà bó jẹ́ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005.

Ohun kan kù. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń kọ ibi tí ẹ dúró sí sínú fọ́tò. Facebook máa ń yọ ọ́ kúrò lára èyí tí àwọn èèyàn bá gbà sílẹ̀, WhatsApp náà ń yọ ọ́ bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Àmọ́ bí ẹ bá fi Document ránṣẹ́, bí a ṣe wí lókè yẹn, ó bá a lọ ni. Ẹni tó bá gbà á á rí ẹnu ọ̀nà oko màmá yẹn lórí máàpù. Bó bá jẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́ tí ẹ yà nígbà tí ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ilé ẹ̀yin gan-an lẹ fi hàn án. Ẹ pa Location nínú sẹ́tíńgì kámẹ́rà kí ẹ tó jáde.

Kí ẹ sì tẹ ọ̀kan fún màmá. Èyí tó gùn ní íǹṣì mẹ́fà, tó sì fẹ̀ ní mẹ́rin, ti tó. Píkísẹ́lì 1800 ní gígùn àti 1200 ní fífẹ̀ péré ló ń fẹ́.