Ilé wo ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Èkó?

Glover Memorial Hall ni, ní Lagos Island, oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ilé-iṣẹ́ kan láti Barcelona ní Sípéènì, Balboa lorúkọ ẹ̀, ló gbé fíìmù wá, Herbert Macaulay ló sì bá wọn ṣètò ẹ̀, Macaulay tó padà di gbajúgbajà olóṣèlú yẹn náà ni. Fíìmù ìgbà yẹn ò lóhùn, ó kúrú, síbẹ̀ àwọn èèyàn sanwó wọlé torí wọn ò rírú ẹ̀ rí. Nígbà tí Balboa lọ, òyìnbó oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Stanley Jones tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù hàn nínú gbọ̀ngàn yẹn náà.

Àmọ́ o, wọn ò dìídì kọ́ ọ fún sinimá. Gbọ̀ngàn ìpàdé àti ayẹyẹ ni, wọ́n fi ń ṣèrántí John Glover tó ṣàkóso Èkó láyé òyìnbó, òun làwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Golobar. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ogunde ti ṣe eré àkọ́kọ́ ẹ̀ ní 1944.