Géèmù ń pa kọ̀ǹpútà mi

Ìbéèrè: Mo yọ GTX 1050 Ti, káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà mi, mo fi RTX 3060 rọ́pò rẹ̀. Windows ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, kọ̀ǹpútà á sì tún ara rẹ̀ tàn. Mo ti pààrọ̀ dráífà, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì náà, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́ọ̀tì 400 ni pówà sọ́púláì mi, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà.

Ìdáhùn: Ẹ fi dráífà sílẹ̀ ná. Ó jọ pé iná ni kò tó. Káàdì àtijọ́ yín kì í jẹ ju wọ́ọ̀tì 75 lọ, ihò mọ́dábọ́ọ̀dù sì lè gbé ìyẹn. 3060 ń jẹ 170; NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, fúnra wọn ní kí pówà sọ́púláì tó 550. Ẹ ra ojúlówó o, ayédèrú 550 kò sàn ju 400 yín lọ.

Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri kí ẹ tó ṣí i. Wáyà káàdì ni èyí tí ẹnu rẹ̀ pín sí 6+2. 4+4 jẹ́ ti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ẹ má fi ipá tì í wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún “kọ́”. Ẹ má sì lo àdápítọ̀ SATA, èyí tó ń fa iná láti ara wáyà háàdì dísìkì, láéláé: wọ́ọ̀tì 54 péré ni wáyà yẹn lè gbé, ó lè yọ́.

Bí àwòrán bá ṣì ń já lẹ́yìn èyí, ẹ wá wọ Safe Mode, ipò tí Windows ti ń tan kìkì ohun tó pọndandan, kí ẹ fi DDU, ètò tó ń yọ dráífà, nu dráífà àtijọ́ kúrò.