Ọdún mélòó ni ilé ẹ̀kọ́ yín fi ń tọ́ ọmọ kan yọrí?

Ìbéèrè: Pírínsípà ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní kí n fi nọ́ńbà hàn wọ́n bóyá a kì í fi àkókò ọmọ ṣòfò. Rẹ́jísítà ọdún mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Ó tó, bí ẹ bá ti lè ya àwọn tó ń tún kíláàsì kà sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ká ní ọmọ 120 wà ní SS1 lọ́dún tó kọjá, tí 105 wà ní SS2 báyìí. Ẹni tó bá kàn fi 120 pín 105 á ní ìdá 87.5 nínú 100 ló gòkè. Irọ́ ni o. 9 nínú wọn ti wà ní SS2 láti èṣí. 96 ló gòkè, ìdá 80. Bí 12 bá ń tún SS1 kà, ìdá 10 nìyẹn, 12 yòókù sì ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba ìwé lọ sí ilé ìwé mìíràn kò sí nínú wọn: ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú 120 kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sì ti ibòmíràn wọ SS2, ẹ má kà á mọ́ 105.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ mú ìpíndọ́gba. (Bí 2020 bá wà láàárín wọn, ẹ fò ó, ọdún kòrónà ni.) Ó wá ku àsọtẹ́lẹ̀. Bí ìdá náà bá rí bákan náà jálẹ̀, nínú 100 tó wọ SS1, 89 á dé SS2, 79 á dé SS3, 70 á sì parí, nítorí 0.8 (àwọn tó gòkè) tí a fi 0.9 (àwọn tí kò tún kíláàsì kà) pín ni ìdá tó ń rékọjá. Ní ìpíndọ́gba, ọmọ kọ̀ọ̀kan á lo ọdún 1.11 ní kíláàsì kan, ìyẹn 1 tí a fi 0.9 pín. Àpapọ̀ ọdún tí gbogbo wọn fi jókòó jẹ́ 298. Ẹ fi 70 pín in, ó di bí ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta fún ọmọ kan, dípò mẹ́ta.

Àmọ́ ilé ìwé tó ń gbé ọmọ gòkè láìwo máàkì á sún mọ́ mẹ́ta pẹ́kípẹ́kí. Nítorí náà, kìkì ẹni tó gba kírẹ́dìtì márùn-ún ní WAEC, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀, ni kí ẹ kà sí ẹni tó parí. Bí wọ́n bá jẹ́ 42 nínú 100 náà, ó di ọdún méje ó lé díẹ̀. Èyí ni kí ẹ gbé síwájú òbí, bó tilẹ̀ korò.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi ìdá àwọn ọdún ìṣáájú sọ iye tó yẹ kó wà ní SS3 lọ́dún yìí, kí ẹ wá lọ ka orí wọn ní kíláàsì. Bí orí bá fi púpọ̀ ju ti ìṣirò lọ, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó wá tìtorí WAEC nìkan ti dà pọ̀ mọ́ wọn. Bí orí bá dín, ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹni tó ti lọ ṣì wà nínú rẹ́jísítà.