Ẹ jẹ́ kí AutoCAD fúnra rẹ̀ pín in

Ẹ béèrè ìdí tí sítẹ́pù tí ẹ ń yà nínú AutoCAD, ètò tí a fi ń ya pláànù lórí kọ̀ǹpútà, kì í fi í kan dẹ́kìn òkè, bẹ́ẹ̀ orí fóònù lẹ ti pín gíga ilé kí ẹ tó tẹ iye tó jáde. Àṣẹ́kù tí ẹ gé sọnù nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ló fà á. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti ná mi lówó rí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mo ń yà. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ dẹ́kìn jẹ́ 3000 mílímítà, dẹ́kìn fúnra rẹ̀ jẹ́ 150, àpapọ̀ 3150. Sítẹ́pù 19 ni mo fẹ́. Ẹnì kan ti kọ́ mi pé èèyàn lè kọ ìṣirò sínú àkámọ́ níbi tí AutoCAD bá ti ń béèrè iye, ni mo bá kọ (/ 3150 19), ìyẹn ni pé kó fi 19 pín 3150. Ó fún mi ní 165, mo sì gbà á gbọ́. N kò mọ̀ pé bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti jẹ́ odidi, ńṣe ni AutoLISP, èdè tí AutoCAD fi ń ka ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn, máa ń da àṣẹ́kù nù. Ìdáhùn gan-an jẹ́ 165.789. Mo kọ 165 sórí pláànù, bíríkìlà tẹ̀ lé e láì yẹ̀. Sítẹ́pù 18 jẹ́ 165, ti ìkẹyìn di 180. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gòkè ti mọ bó ṣe máa gbéra tó kó tó dé orí ìkẹyìn yẹn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọsẹ̀ ṣáá. A fọ́ ọ, a tún un dà. Owó iṣẹ́ mi bá a lọ.

Pọ́ǹtì kan péré ni ì bá gbà mí: (/ 3150 19.0). Ṣùgbọ́n 'CAL, àṣẹ ìṣirò inú AutoCAD, ni mo ń lò báyìí. Bí Line, àṣẹ tí a fi ń ya ìlà, bá ń béèrè ibi tó kàn, ẹ tẹ F8 kí ìlà má bàa wọ́, ẹ fi máòsì darí rẹ̀ síbi tó ń lọ, kí ẹ wá tẹ 'CAL. Ẹ má gbàgbé àmì kékeré tó wà níwájú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí Line já. Ẹ tẹ Enter, ẹ kọ (3000+150)/19, ẹ tún tẹ Enter. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé náà ni, kì í sì í da àṣẹ́kù nù. Bó bá jẹ́ odidi méjì lásán, ẹ lè tẹ 3150/19 láìlo 'CAL rárá, á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láìsí 'CAL, bí pọ́ǹtì tàbí ìròpọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, kò ní gbà. Fún ẹni tó ń lo LT, ìyẹn AutoCAD tó fúyẹ́, Ctrl+8 ló ń ṣí QuickCalc, ẹ̀rọ ìṣirò inú rẹ̀. AutoLISP kò sí nínú LT àfi láti ẹ̀dà 2024.

Bí ẹ bá rí 166 lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má bẹ̀rù. UNITS, ibi tí a ti ń yan iye nọ́ńbà tó máa hàn lẹ́yìn pọ́ǹtì, ló ń gé ohun tó ń fi hàn yín, 165.789 ló wà nínú fáìlì. Ẹ kàn má gbé 166 yẹn fún bíríkìlà, torí 166 lọ́nà 19 jẹ́ 3154. Ohun tí mo ń kọ sórí pláànù ni gíga sítẹ́pù kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀: 166, 332, 497, 663, títí dé 3150. (Táìsì ilẹ̀ àti ti òkè gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 3150 fúnra rẹ̀ ti yí padà.) Kápẹ́ńtà á sàmì gbogbo rẹ̀ sára ògiri kó tó kan pákó, orí téèpù ò ní kúrò nílẹ̀ títí tó fi máa parí. Báyìí, sítẹ́pù kan kì í fi ju mílímítà kan lọ ga ju èkejì.