Ẹ Bi Wá: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìda ló ń bá iṣẹ́ mi jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàbù eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, kíráùn, ìyẹn adé tí wọ́n ń dé lé eyín, ni mo ń ṣe jù. Dókítà máa ń fi ìda tí aláìsàn ti fi eyín tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, òun ni mo fi ń mọ bí eyín òkè ṣe ń pàdé tìsàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á dọ́gba lórí tábìlì mi, àmọ́ tó bá dẹ́nu aláìsàn, á ga, wọ́n á tún máa lọ̀ ọ́. Mo ní kí dókítà ra sílíkóònù, ìyẹn nǹkan bíi rọ́bà tá a lè lò dípò ìda, ó ní ó ti wọ́n jù. Ṣé mo lè dán méjèèjì wò fúnra mi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o lè ṣe é dáadáa, má sì tíì dá ara ẹ lẹ́bi. Ìda yẹn, omi gbígbóná ni wọ́n fi rọ̀ ọ́, bó ṣe ń tutù ló ń súnkì, tí ọlọ́kadà bá tún wá gbé e kiri nínú oòrùn ọ̀sán, ó ti tún rọ̀ nìyẹn, kò sì ní padà sí bó ṣe wà lẹ́nu aláìsàn mọ́.

Wá gíláàsì pẹlẹbẹ, ha ìlà méjì sí i, kí àárín wọn jẹ́ 25 mm. Tẹ ìda lé e, tẹ sílíkóònù náà lé e, ìlà yẹn á jáde lára méjèèjì. Fi kálípà, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kékeré, wọn àárín ìlà náà lẹ́yìn wákàtí kan, wákàtí 24, àti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣe méjì méjì o, kó o fi ọ̀kan síbi tó tutù, kó o gbé ìkejì gba ọ̀nà tí iṣẹ́ ẹ máa ń gbà gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

ISO 4823, ìlànà fún àwọn nǹkan bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń gba àwòrán eyín, gbà kó yí padà tó 1.5%. Lójú tèmi ìyẹn ti pọ̀ jù fún báìtì, ìyẹn èyí tí aláìsàn fi eyín tẹ̀, torí tó bá nípọn tó 2 mm, 1.5% ẹ̀ jẹ́ 0.03 mm, bẹ́ẹ̀ eyín èèyàn lè mọ nǹkan tó tín-ín-rín tó 0.02 mm lára.

Lẹ́yìn náà, mú ìda tàbí sílíkóònù tí aláìsàn ti fi eyín tẹ̀, fi sáàárín módẹ́ẹ̀lì (ère eyín aláìsàn) ti òkè àti tìsàlẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń rì tàbí tó ń ta padà bíi fóòmù, kò dáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe sílíkóònù báìtì kó le ju ti àwòrán eyín lọ, òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Shore A ni wọ́n fi ń wọn líle ẹ̀. Oríṣi sílíkóònù tí wọ́n ń pè ní addition ni kẹ́ ẹ rà, torí álíkóòlù máa ń fẹ́ jáde lára oríṣi kejì, ìyẹn condensation, á sì súnkì. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pò ni, kí dókítà má wọ ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì, sọ́fọ̀ (kẹ́míkà kan) tó wà nínú ìbọ̀wọ́ náà kì í jẹ́ kí sílíkóònù le.

Bí sílíkóònù náà bá sì dé, fi abẹ gé etí ẹ̀ kúrò kó tó kan módẹ́ẹ̀lì, kó ku ibi tí ṣónṣó eyín wọ̀ nìkan, torí ibi tó bá ti kan èrìgì ló máa ń gbé módẹ́ẹ̀lì sókè. Kọ gbogbo òǹkà tó o bá wọ̀n sílẹ̀, kó o gbé ìda àti sílíkóònù náà lọ síwájú dókítà, kóun náà fojú ara ẹ̀ rí i.