Èsì: Wákàtí 12 ni reactor fi kú, kí ló dé tí àdánù fi ìlọ́po méjì jù ú lọ?

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní reactor yín (ẹ̀rọ tó ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná) kú fún wákàtí 12, àmọ́ ìjábọ̀ fi hàn pé àdánù iná tó bá a lọ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí. Ìṣirò yín ò ṣìnà: àdánù kì í dópin nígbà tí reactor bá jí, ó dìgbà tí iná bá padà kún.

Ẹ̀rọ 1,000 megawátì tó kú fún wákàtí 12 ti pàdánù 12,000 megawátì-wákàtí (iná megawátì kan fún wákàtí kan ni ẹyọ kan). Bó bá tún fi wákàtí 24 gòkè díẹ̀díẹ̀ láti òdo, 12,000 mìíràn tún lọ. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, 720,000 ló yẹ kó mú wá. 696,000 ló kù.

Èyí rí bẹ́ẹ̀ bí ìjábọ̀ náà bá ka iye iná. Bó bá jẹ́ wákàtí tí ẹ̀rọ fi ń fi iná ránṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ni wọ́n kà, àdánù wákàtí 12 náà lẹ máa rí.

Ẹ má dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dá iná padà. Xenon-135, gáàsì tó ń wá láti inú iṣẹ́ reactor, máa ń pọ̀ sí i fún bíi wákàtí 10 lẹ́yìn tí reactor bá kú, á sì máa gbé nútírọ́ọ̀nù mì, ìyẹn àwọn ègé átọ́ọ̀mù tó ń mú kí reactor máa ṣiṣẹ́; ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n kánjú. Ní ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl ní Ukraine lọ́dún 1986, wọ́n fa ọ̀pá ìdarí (ọ̀pá tó ń dín agbára reactor kù) jáde láti fi borí rẹ̀. Ẹ̀mí ló bá a lọ.

Ní ti iye ìgbà tó ń kú lójijì, wákàtí 7,000 tí reactor fi ṣiṣẹ́ ni NRC, àjọ tó ń bójú tó reactor ní Amẹ́ríkà, fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá ju ìgbà 3 lọ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, ó ti kúrò ní ipò àwọ̀ ewé (ipò tó dára jù) nìyẹn.